Ẹ Bi Ìyá Onípáàtì: Orúkọ Ara Táǹkì

Ìyá Onípáàtì ń ta páàtì alùpùpù ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Lóṣooṣù ni wọ́n ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé wa lórí ọ̀rọ̀ máṣíìnì. Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí orúkọ: èwo ló níyì, èwo ni wọn ò kà sí.

Bàbá mi ò gun Boxer mi

Ìyá Onípáàtì, ẹ kú ọjà o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, kápẹ́ńtà ni mí ní Ṣàgámù. Mo ra máṣíìnì Boxer tuntun láìpẹ́ yìí, owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Honda CG125 kan tó ti wà nílé kí wọ́n tó bí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé Boxer wọlé, bàbá ò tíì jókòó lé e. Bí mo bá ní kí n gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ní àwọn ò lè gun nǹkan àwọn ará Íńdíà. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà mi wá mọ̀ wá, Honda tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni bàbá ní ká nù, ká gbé síwájú ilé, wọ́n ní kí n lọ gbé tèmi pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Ó dùn mí gan-an. Ṣé lóòótọ́ ni Honda fi dára jù ú lọ tó bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Tíṣà, Ṣàgámù)

Ọmọ Tíṣà, mo bá ọ yọ̀. Wàá lò ó pẹ́, kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lo fi rà á, o ò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni, ìyẹn nìkan tó ohun tí gbogbo ilé ń torí ẹ̀ yọ̀. Ó dun èmi náà pé wọ́n ní kó o gbé e pamọ́ lójú àwọn àna rẹ.

Ṣùgbọ́n kó o tó bínú sí bàbá, jẹ́ kí n sọ ohun tí Honda yẹn jẹ́ lójú wọn. Nígbà tí ìjọba san owó Údójì ní 1975, tí owó oṣù fò sókè, tí àjẹsílẹ̀ sì bá a wọlé, máṣíìnì wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sáré rà. Láti ìgbà náà títí wọ inú àwọn ọdún 1980, bí o bá dé abúlé kan nílẹ̀ Rẹ́mọ tàbí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn tó ń gun máṣíìnì níbẹ̀ ò ju tíṣà, wolé-wolé àti oníṣòwò kòkó tàbí obì lọ. Ìró rẹ̀ làwọn ọmọ ilé ìwé fi ń mọ̀ pé ọ̀gá ti ń bọ̀. Wọ́n á ti wọ kíláàsì kí ọ̀gá tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lọ wo fọ́tò àtijọ́ inú yàrá bàbá rẹ. Bí mo bá mọ àwọn ará ìgbà yẹn dáadáa, wàá rí ọ̀kan tí wọ́n ti dúró ti Honda, tí wọ́n gbé ọwọ́ kan lé táǹkì, nínú ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tí kò ní tirẹ̀ a máa yá ti ọ̀rẹ́ láti fi ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá bá ń wo irin yẹn, gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń wò, àti ìgbà tí wọ́n ṣì ń dìde fún tíṣà láwùjọ.

Wọn ò sì parọ́ nípa Honda. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe CG125 tó jáde ní 1976, wọ́n kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo máṣíìnì ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn jọ tiwa. Wọ́n rí i pé ẹrù tí wọ́n ń dì lé e ju agbára rẹ̀ lọ, pé wọn kì í tètè yí ọ́ìlì, pé ìgbà tó bá kọṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń rántí mẹkáníìkì. Ni wọ́n bá yọ ṣéènì kékeré tó wà nínú ẹ́ńjìnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin tó ń ti fáàfù sókè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ọ̀pá yẹn ń fara da ìyà. Ohun tó jẹ́ kí Honda bàbá rẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Honda sì ti ń to máṣíìnì ní Ọ̀tà, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti to Honda yẹn tí wọ́n sì ti bí ọ.

Ibi tí èmi àti bàbá rẹ ti máa jiyàn ni ti "nǹkan àwọn ará Íńdíà". Bajaj tó ń ṣe Boxer bá Kawasaki ti Jàpáànù da iṣẹ́ pọ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980, ọwọ́ Kawasaki ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnì máṣíìnì. Nígbà kan rí, orúkọ méjèèjì ló ń jọ wà lára Boxer. TVS, ilé iṣẹ́ Íńdíà mìíràn, Suzuki ni òun náà bá ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di 2001 kí wọ́n tó pínyà. Jincheng AX100 ti Ṣáínà tó ń rú èéfín káàkiri ìlú láyé àná, iṣẹ́ Suzuki ni wọ́n wò ṣe é. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Jàpáànù ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń fi Jàpáànù yangàn tó sì ń fi Boxer ṣẹ̀sín kò tíì bèèrè ibi tí Boxer ti kọ́ṣẹ́.

Èyí tí mo wá fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa ni ohun tí mò ń rí láti ẹ̀yìn káńtà. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ràn orúkọ máṣíìnì lásán. Mẹkáníìkì rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá a fẹ́ràn rẹ̀. Bi ọlọ́kadà kan léèrè pé èwo ló dára jù, ohun tí mẹkáníìkì rẹ̀ mọ̀ ọ́n tú ló máa yìn fún ọ. Mẹkáníìkì náà ń yin ohun tó bá rí páàtì rẹ̀ rà láìjìnnà. Àárọ̀ kùtùkùtù tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá wọn rán wá ti máa ń dúró, ọwọ́ wọn ti dúdú fún ọ́ìlì, ẹnu wọn ò sì ju "Ìyá, ẹ fún mi ní bíréèkì ṣúù Boxer," "Ìyá, wáyà klọ́ọ̀ṣì Boxer." Ọjọ́ tí ohun tí wọ́n ń bèèrè láàárọ̀ ìdájí bá yí padà, iyì náà á yí padà tẹ̀ lé e. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé páàtì Honda àti Suzuki nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Honda fẹ́ gba ipò rẹ̀ padà ní 2011, ó gbé Ace CB125 jáde fún wa ní nǹkan bí ₦100,000, owó tí ọlọ́kadà lè tu jọ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ rà á, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tèmi, àwọn tó ń bèèrè bíréèkì ṣúù Boxer láàárọ̀ kò dín kù.

Bàbá rẹ gun Honda ní ìgbà tí páàtì Honda kún ọjà. Ìwọ náà gun Boxer ní ìgbà tí páàtì Boxer kún ọjà. Ohun kan náà lẹ ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Gbé Honda yẹn dìde. Ìjókòó tó jókòó síwájú ilé láìṣiṣẹ́ yẹn kò yẹ ẹ́, kò sì yẹ bàbá. Páàtì rẹ̀ wà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sí: púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnì 125 tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, àwòkọ CG125 ni, nítorí náà pístìn, ríìngì àti fáàfù tó bá a mu ò wọ́n. Wá mẹkáníìkì tó lọ́jọ́ lórí, ẹni tó tú Honda nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Kí ó tú kábúrétọ̀ rẹ̀ fọ̀, kí ó da epo àtijọ́ nù kúrò nínú táǹkì kí ó sì wo ìpẹtà inú rẹ̀, kí ó yí plọ́ọ̀gì, kí ó tọ wáyà iná láti orí dé ìdí. Kí ó má fi kíìkì gbá a rárá kí ó tó da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnì tó ti gbẹ fún ọdún pípẹ́. Kí ó yọ plọ́ọ̀gì, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ síbẹ̀, kí ó fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ títí pístìn á fi tú.

Bí Honda bá ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bàbá á fẹ́ lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé. Wọn ò ní fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé lọ síbẹ̀. Gbé Boxer rẹ wá sí ẹnu ọ̀nà, pa á, dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kó o ní "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wo Honda." Má fi kún un.

Ti ọjọ́ àwọn àna, bá bàbá sọ ọ́, ẹ̀yin méjì péré. Má jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ gbọ́, má jẹ́ kí àbúrò gbọ́. Sọ fún wọn pé ó dùn ọ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n ní kó o lọ fi pamọ́. Bàbá tó ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á wọ̀ wọ́n lára ju bí o ṣe rò lọ. Bí ìdáná bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí máṣíìnì méjèèjì jọ wà níwájú ilé.

Ṣé dandan ni kí n gun léédì máṣíìnì?

Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ọ̀sì ni mí ní Odògbolú, mo fẹ́ ra máṣíìnì tí n ó máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé léédì máṣíìnì ló yẹ obìnrin, pé bí mo bá gun Boxer, ará ìlú á máa pè mí ní ọlọ́kadà. (Nọ́ọ̀sì, Odògbolú)

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì bá lè kan ilẹ̀ lórí rẹ̀ tó o bá gbé e dúró ni kó o rà. Ìyẹn ló yẹ kó o fi yan máṣíìnì.

Àwọn tó ń pe irú tí klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní máṣíìnì obìnrin, wọn ò mọ ìtàn rẹ̀. Super Cub tí Honda gbé jáde ní 1958 ni baba gbogbo wọn. Lára ohun tí wọ́n ro nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà ní Jàpáànù, kí wọ́n lè fi ọwọ́ kejì darí máṣíìnì láìsí pé wọ́n ń fún klọ́ọ̀ṣì. Ó ti ju 100 mílíọ̀nù tí wọ́n ṣe nígbà tó fi máa di 2017, kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì. Bí ìwọ bá fẹ́ ẹ, rà á, ó dára. Bí Boxer lo fẹ́, kọ́ klọ́ọ̀ṣì ní pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sunday tí kò sí èrò, kó o tó gbé e sí títì. Ra àkoto tó ṣe wẹ́kú orí rẹ, kì í ṣe èyí tó ń yí kiri bí ìdérí tí kò bá ìkòkò mu. Ẹni tó bá pè ọ́ ní ọlọ́kadà lónìí, bó pẹ́ bó yá á wá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣé kí n fi sítíkà Boxer sí tèmi?

Ìyá wa, ọlọ́kadà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Máṣíìnì Ṣáínà ni mò ń gùn, òun ni mo fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ní páàkì, bí èrò bá dé, Boxer ni wọ́n ń nawọ́ sí. Àwọn tó ń gun Boxer ti gba abẹ́ igi, àwa tó kù ń dúró lóòrùn. Ẹnì kan ní òun á bá mi wá táǹkì àti sítíkà Boxer, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kí lẹ rò? (Ọlọ́kadà kan, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àbúrò mi, má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́.

Àwọn tó máa mọ̀ pọ̀. Mẹkáníìkì rẹ á mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á mọ̀ bó bá fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wé ìwé ọwọ́ rẹ. Èmi náà á mọ̀. Ọmọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi rí, ó ní kí n fún òun ní klọ́ọ̀ṣì pléètì Boxer. Mo fún un. Kò pẹ́ ló padà dé, ó ní kò wọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ fún un, ó tún padà dé. Mo bọ́ síta lọ wo máṣíìnì náà fúnra mi. Táǹkì Boxer, sítíkà Boxer, ìjókòó Boxer. Mo tẹ̀ba wo ẹ́ńjìnì, irin mìíràn pátápátá ni, wọ́n ti fi fáìlì ha orúkọ ara rẹ̀ dànù, ibi tí wọ́n ha ń dán yinrin. Owó Boxer àlòkù ló san lórí rẹ̀, owó tó yá ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, kò lè sọ̀rọ̀. Irú ẹni tí ìwọ náà máa sọ ẹlòmíràn dà nìyẹn lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ ta tìrẹ, nítorí pé ojú rẹ á wọ owó Boxer.

Orúkọ irọ́ máa ń bí mi nínú, iṣẹ́ wa ni ó ń bà jẹ́. Plọ́ọ̀gì ni kó o fi wò ó. NGK ayédèrú kún ọjà, páálí rẹ̀ ń dán ju ti ojúlówó lọ. Mú un lọ́wọ́, fi ìka yí wáṣà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ti ojúlówó kì í yọ wẹ́rẹ́. Èyí tó bá yí bọ́ sí ọ lọ́wọ́, gbé e kalẹ̀ kó o máa lọ, ohun tó kù tó máa ṣe ni pé kó pa máṣíìnì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láàárín igbó, lọ́nà tí kò sí mẹkáníìkì.

Jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ èrò tó ń nawọ́ sí Boxer. Mo ń gun ọ̀kadà, mo sì mọ ohun tí àwa obìnrin ń wò. Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀pọ̀ wa ló ní àpá sáléńsà ní ojúgun, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí ó ti di dúdú bí owó àtijọ́. Bí irin tó bo sáléńsà rẹ bá ti já, obìnrin tó wọ ìró kò ní gun máṣíìnì rẹ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti Jàpáànù. A ń wo rọ́bà ibi ìtẹsẹ̀, ṣé ó wà àbí irin lásán ló kù. A ń wo ìjókòó, bí fóòmù bá ti ń yọ jáde nínú rẹ̀. A ń wo ojú ẹni tó ń gùn ún, a sì ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Boxer tuntun ní gbogbo ìwọ̀nyí nítorí pé tuntun ni. Owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ fún táǹkì ayédèrú yẹn á ra ìbòrí sáléńsà, rọ́bà ìtẹsẹ̀ méjèèjì, dígí ìwẹ̀yìn àti ìbòrí ìjókòó, owó á sì ṣẹ́ kù. Ṣe wọ́n. Àwọn ìyá tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà, gba nọ́ńbà wọn, kó o máa lọ gbé wọn nílé kí wọ́n tó jáde wá sí páàkì.

Àmọ́ n kò ní tàn ọ́ pé òfìfo ni iyì Boxer. Ìdí gidi kan wà, ó sì kan àwọn tálákà jù. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wà ní ọsibítù, tí wọ́n bá ní kí ẹ san owó iṣẹ́ abẹ, Boxer àlòkù lè rí oníbàárà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti Ṣáínà, wọ́n á gbé e dúró níwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹni tó bá yà wá wò ó á fi owó pálapàla lọ̀ ọ́. Máṣíìnì ni ilé ìfowópamọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà. Nítorí náà, bí o bá ní in lọ́kàn láti gun Boxer, máa dá owó rẹ̀ jọ pẹ̀lú àwọn tó o mọ̀, má gbà á ní háyà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gba owó máṣíìnì méjì lọ́wọ́ rẹ. Àlòkù pọ̀ níta láti ìgbà tí Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022. Àwọn kan gbé tiwọn wá sọ́dọ̀ wa níbí láti máa ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn tà á. Má ra èyí tí kò ní ìwé, bó ti wù kó pọ́n tó. Ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti ṣásì fúnra rẹ, fi ìka pa á wò bóyá wọ́n ti ha á, kó o tó yọ owó lápò.

Ti abẹ́ igi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo yín ń san láàárọ̀. Igi yẹn kì í ṣe ti Bajaj. Ẹ̀yin tó ń dúró lóòrùn, ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ bá alága páàkì nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ mú ẹni tó dàgbà jù nínú yín ṣíwájú. Kí ẹ ní kí wọ́n máa gbé èrò bí ènìyàn bá ṣe dé sí, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé jókòó síbi tó bá wù ú. Bí alága bá ní ojú, á gbọ́.

Ọkọ mi fẹ́ yá owó ra páwà báìkì

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìperu la wà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Láti ọdún tí mo ti mú ọkọ mi lọ wo Ojúde Ọba, tó rí àwọn ènìyàn mi lórí ẹṣin, ló ti ń sọ pé bí òun ò bá ní ẹṣin, òun á ní Harley, báìkì ńlá ti Amẹ́ríkà yẹn. Ó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi rà á. Òrùlé ilé wa ń jò. Ó ní n kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀yẹ. (Ìyàwó Ilé, Ìperu)

Ìyàwó Ilé, ẹ kú àforítì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò mọ ẹ̀yẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí kò mọ ẹ̀yẹ ṣọ̀wọ́n.

Ẹṣin tí ọkọ yín rí yẹn, ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Àwọn ìdílé Balógun, bí ìdílé Balógun Kúkù, ló ń fi ẹṣin wọlé wá kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nítorí pé baba ńlá wọn jẹ́ olórí ogun. Orúkọ ìdílé ló gbé wọn gun ẹṣin. Àwọn tó kù, tọkùnrin tobìnrin, inú régbèrégbè wọn ni wọ́n ti ń jáde, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, nínú aṣọ kan náà, ìyẹn náà sì gún régé. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n wé ẹlẹ́ṣin.

Harley tí wọ́n fẹ́ràn yẹn náà, ẹgbẹ́ ló gbé e ga. 1903 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọjà rẹ̀ ń kú lọ, àwọn ọ̀gá kan nínú ilé iṣẹ́ náà kó owó jọ rà á ní 1981 lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, 1983 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun Harley sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń gùn ún máa ń jọ rìnrìn àjò, wọ́n máa ń wọ aṣọ tó ní orúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ fín in sí ara. Ẹni tó bá rà á níbẹ̀ ra ọ̀rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ bi ọkọ yín jẹ́jẹ́: àwọn wo ni wọ́n máa bá gùn ún ní Ìperu? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣaláìní, kì í ṣe báìkì. Ọkùnrin máa ń dá wà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nínú ilé, tí iṣẹ́ àti ọmọ bá ti gbà á tán. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Ní ti báìkì fúnra rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn Harley ńlá wúwo ju 350 kg lọ, Boxer kò tó ìdajì ìyẹn. Bó bá ṣubú ní ẹnu géètì yín lójú ọ̀nà oníkòtò, ọkọ yín nìkan ò lè gbé e dìde. Páàtì rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi, Èkó la ń ránṣẹ́ sí bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè rẹ̀, nígbà mìíràn Èkó náà á ránṣẹ́ sókè òkun. N kò sọ pé ó burú. Ó ń wù mí láti gbọ́ ìró rẹ̀ bí àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí bá ń gùn ún kọjá lórí títì márosẹ̀, ohun tó lẹ́wà ni. Ẹni tó bá ní owó rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò jò, kó gùn ún. Owó alájẹṣẹ́kù ní tirẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn, òjò kò sì ní dúró de ìgbà tí wọ́n bá san án tán.

Ẹ má sọ fún wọn pé rárá. Ẹ ní kí wọ́n lọ sí Èkó lópin ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n bá àwọn tó ní i sọ̀rọ̀, kí wọ́n gùn ún bí ẹni tó ni ín bá gbà. Kí wọ́n bèèrè iye táyà ẹ̀yìn, iye bíréèkì páàdì, iye bátìrì, àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbà kó tó dé bí kò bá sí nílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ̀yin náà pe kápẹ́ńtà tó máa ṣe òrùlé, kí ó kọ iye tirẹ̀. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì, kí ẹ jọ kà á lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn, kí wọ́n tó lọ fọwọ́ sí ìwé àyálò.